Ìbéèrè Tí Peace Gbé Délé

Ó ti máa ń rẹ Adétọ́lá kí ilẹ̀ tó mọ́. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí èèyàn ń sùn tó ń lọ. Tirẹ̀ ti bá a gbé pẹ́ débi pé bí ó bá jí lọ́jọ́ kan tí kò bá a lára, ẹ̀rù lè bà á. Yóò jí nínú òkùnkùn, yóò lọ tò sídìí ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́yìn ilé wọn ní Okokomaiko, yóò ru omi wọlé, yóò se oúnjẹ, yóò jí ọkọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Àpápá, yóò wẹ̀ fún àwọn ọmọ, lẹ́yìn náà ni yóò wá fi ẹsẹ̀ rìn dé Àjángbádì, níbi tí àwọn ọmọ ọlọ́mọ ti kún yàrá kan bámúbámú tí wọ́n ń dúró dè é. Tíṣà kíláàsì kẹrin ni. Òun nìkan ló ń kọ́ wọn ní gbogbo nǹkan, láti orí ìṣirò dé orí bí a ṣe ń gé èékánná. Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ ìjókòó ni iṣẹ́ tíṣà, kó wá gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọjọ́ kan péré.

Àwọn ará àdúgbò kì í pe ilé-ìwé náà ní orúkọ tó wà lára pátákó rẹ̀. Ilé-ìwé Alhaja ni wọ́n ń pè é, nítorí Alhaja Bàṣírátù tó ni ín ni wọ́n mọ̀. Ọmọ Ọ̀jọ́ gan-an ni Alhaja. Orí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ló kọ́ ilé-ìwé náà sí, ó sì mọ ìyá àti bàbá gbogbo ọmọ tó ń jókòó níbẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú rárá. Bí tíṣà kan bá bímọ, òun ni yóò kọ́kọ́ dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú kúlà oúnjẹ lọ́wọ́. Ohun kan ṣoṣo ni kò lè mú mọ́ra: kí ilé-ìwé mìíràn ní ohun tí tirẹ̀ kò ní.

Ìjànìkin ni wọ́n bí Adétọ́lá sí. Bàbá rẹ̀ ń dá oko ẹ̀gẹ́ níbẹ̀ títí ilé fi jẹ oko náà tán. Ọkùnrin náà gbà pé ká ní òun ní lọ́yà nínú ẹbí ni, àwọn tó gba ilẹ̀ náà kò ní rí òun gbé ṣe; nítorí náà, ó pinnu pé Adétọ́lá ni yóò ṣe lọ́yà. Ọmọ náà gbìyànjú. Ó ṣe ìdánwò, máàkì rẹ̀ kò tó ti lọ́yà, ni yunifásítì tó wà ní Ìyànà-Ìbà bá fún un ní fìlọ́sọ́fì, bí ìgbà tí ẹni tó fẹ́ ra ẹran bá gba egungun. Nígbà tó délé láti sọ ọ́, bàbá rẹ̀ bi í pé kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ó ní wọ́n ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń ronú. Bàbá wò ó títí, ó ní ṣé èèyàn ń sanwó kó tó ronú ni. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti béèrè, ohun tí bàbá ń sọ ni pé ọmọ òun ń kà lọ́yà. Títí wọ́n fi sin ín, bàbá lọ́yà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, Adétọ́lá kò sì ní ojú láti sọ pé irọ́ ni.

Àṣírí kan wà tí kò sọ fún bàbá rẹ̀ láé: ó fẹ́ràn fìlọ́sọ́fì náà. Kò fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, ṣùgbọ́n olùkọ́ àgbàlagbà kan wà tó máa ń jókòó sórí tábìlì, tó máa ń bi wọ́n ní ìbéèrè kan, tí yóò wá dákẹ́ bí ẹni pé àkókò kò jẹ́ nǹkan kan. Adétọ́lá á jáde ní géètì, á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì, kò ní lè sọdá títì nítorí ìbéèrè náà ṣì ń yí lórí rẹ̀. Kò sí ohun tó dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tó jáde tán, ó wá iṣẹ́, wọ́n bi í pé kí ni wọ́n ń fi fìlọ́sọ́fì ṣe, ó sọ ọ́ títí ó fi sú òun fúnra rẹ̀. Sàtífíkéètì náà wà nínú ọ̀rá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Iṣẹ́ tíṣà ló rí, iṣẹ́ tíṣà ló ń ṣe láti ìgbà náà.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wá yí padà kò ní í ṣe pẹ̀lú ọgbọ́n kankan. Ilé-ìwé kan tó wà ní òdìkejì ọ̀nà ló kọ ọ́ sára pátákó rẹ̀ pé òun ń kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń ronú jinlẹ̀. Àwọn òbí méjì kan bi Alhaja bóyá tirẹ̀ náà ní i. Lọ́jọ́ kejì, Alhaja ránṣẹ́ pe Adétọ́lá sí ọ́fíìsì, ó ní kí ló kà ní yunifásítì ná. Adétọ́lá rọra sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ tọrọ àforíjì. Alhaja lu tábìlì, ó ní Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà òun. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ayàwòrán ti kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé ní ilé-ìwé yìí, à ń kọ́ àwọn ọmọ ní fìlọ́sọ́fì. Wọ́n fún Adétọ́lá ní wákàtí tó kẹ́yìn lọ́jọ́ Ẹtì. Kò sí ìwé, kò sí síléábù, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè ohun tó fẹ́ kọ́ wọn.

Fìló ni àwọn ọmọ sọ ọ́. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, Adétọ́lá bi wọ́n pé bí ẹnì kan bá mú pẹ́ńsù rẹ tó rò pé tòun ni, ṣé olè ni. Yàrá dàrú. Àwọn kan ní olè ni, àwọn kan ní kì í ṣe olè àyàfi bó bá mọ̀, ọmọ kan tó ń jẹ́ Ìṣẹ́gun ní òun mọ ẹni tó mú tòun, ẹni náà sì mọ̀ dáadáa. Adétọ́lá dúró níwájú wọn, ó ń bi wọ́n pé kí ló dé, kí ló dé, ó sì ṣàkíyèsí pé àárẹ̀ náà ti kúrò lójú ọ̀nà fún un díẹ̀. Kò lọ o, ó kàn sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Láti ìgbà náà, lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dùn ún tó ti ọjọ́ yòókù bó bá dé Okokomaiko. Ó mọ̀ pé tí wọ́n bá gba kíláàsì kẹrin lọ́wọ́ òun, òun lè rí òmíràn. Tí wọ́n bá gba Fìló, kò mọ ohun tí yóò kù fún òun tí kì í ṣe iṣẹ́ àti omi rírù.

Nínú àwọn ọmọ náà, ọ̀kan wà tó ń jẹ́ Peace. Ògúnjìmí ni bàbá rẹ̀, ó ń jó irin ní ẹ̀gbẹ́ títì Okokomaiko. Ìyá rẹ̀ ń dirun fún àwọn èèyàn ní iwájú ilé wọn. Ará Ògùn ni wọ́n, wọ́n sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun. Bí ó bá di ọjọ́ Àìkú, wàá rí gbogbo ìdílé náà tí wọ́n ń rìn lọ nínú sùtánà, ẹsẹ̀ lásán, bàbá níwájú, Peace lẹ́yìn. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, ṣùgbọ́n ó máa ń di ọ̀rọ̀ mú. Nígbà kan, Adétọ́lá ní kó dúró de òun lẹ́nu géètì, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Gbogbo ilé-ìwé ti tú ká nígbà tí wọ́n rí i tó dúró pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lẹ́yìn. Wọ́n ní kí ló dé tí kò lọ sílé. Ó ní Àǹtí ní kí òun dúró.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, bàtà ló fà á. Hikmat, ọmọ onílé kan ní Ọ̀jọ́, ló sọ pé bàbá òun bá òun wí nítorí òun gbé bàtà wọ mọ́sáláṣí. Peace ní àwọn náà kì í wọ bàtà wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìṣẹ́gun ní irọ́ ni, àwọn ń wọ bàtà wọ ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn, kódà ìyá òun ra tuntun fún òun nítorí ẹ̀. Adétọ́lá gba ọ̀rọ̀ náà mú lójú ẹsẹ̀. Ó bi Peace pé kí ló dé tí wọ́n ń bọ́ bàtà. Peace ní nítorí Ọlọ́run wà níbẹ̀, ilẹ̀ mímọ́ ni. Adétọ́lá ní ṣé Ọlọ́run kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì Ìṣẹ́gun ni. Ìṣẹ́gun dìde, inú ti ń bí i. Adétọ́lá wá ní kí gbogbo wọn dá òun lóhùn: ṣé ibì kan wà tí Ọlọ́run kò sí? Gbogbo wọn ló pariwo pé kò sí, Mùsùlùmí àti Kristẹni, ariwo náà sì dé ọ́fíìsì Alhaja. Ó rán wọn létí ohun tó ti kọ́ wọn tẹ́lẹ̀, pé tí ìdí kan bá jẹ́ òótọ́ níbì kan, ó yẹ kó jẹ́ òótọ́ níbòmíràn, àfi tí a bá rí ohun tó mú ibì kan yàtọ̀ sí èkejì.

Ibẹ̀ ni aago ti lù. Àwọn ọmọ ti ń kó ìwé sínú báàgì. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló wà lókè.

Peace rọra sọ ọ́, ó ń ka ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó ń tẹ orí òkúta sọdá omi. “Àǹtí, tí Ọlọ́run bá wà níbi gbogbo, gbogbo ilẹ̀ ni ilẹ̀ mímọ́. Kí ló wá dé tí à ń wọ bàtà wá sí iléèwé?”

Ayọ̀ sọ nínú Adétọ́lá. Ó ti pẹ́ gan-an tí òun ti ń retí pé kí ọmọ kan gbé ìdí kan rin títí dé òpin rẹ̀ láìsí ẹni tó dì í lọ́wọ́ mú. Ṣùgbọ́n òjò ti ṣú, àwọn ọmọ tirẹ̀ wà ní ilé-ìwé mìíràn tí wọ́n ń retí rẹ̀, ìwé ìdánwò tí kò tíì máàkì kún àpò kan, ẹ̀yìn sì ń ro ó. Ó ní, “Ìbéèrè tó dáa gan-an nìyẹn, Peace. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, a jọ máa wò ó.” Peace mi orí, ó sì jókòó.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Alhaja gba wákàtí náà fún àwọn ọmọ láti ṣe ìmúrasílẹ̀ fún eré ìdárayá. Èyí tó tẹ̀ lé e bọ́ sí ọjọ́ ìsinmi. Nígbà tí Fìló tún padà, Adétọ́lá bi wọ́n ní nǹkan mìíràn, nítorí ó ti gbàgbé. Kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ó gbàgbé rẹ̀ bí èèyàn ṣe ń gbàgbé iyọ̀ lọ́jà nígbà tí ọjà tó fẹ́ rà bá pọ̀.

Peace kò gbàgbé. Ó gbé ìbéèrè náà délé. Ó bi ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń dirun fún oníbàárà, ìyá ní kó lọ bi tíṣà rẹ̀. Ó bi bàbá rẹ̀, bàbá bọ́ awò dúdú ojú rẹ̀, ó ní tó bá dàgbà á mọ̀, ó sì dá awò náà padà. Ó bi alàgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ní kí ọmọdé yéé fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ṣeré. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó sọ fún un pé èrò rẹ̀ kò tọ̀nà. Kò sì sí ẹni tó sọ pé ó tọ̀nà. Ọmọ náà wá pinnu pé títí tí òun yóò fi gbọ́ ìdáhùn, òun á máa ṣe ohun tí òun rò pé ó jẹ́ òótọ́. Á wọ bàtà jáde nílé, ṣùgbọ́n tó bá ti yà ní kọ́nà, á bọ́ ọ, á tì í sínú báàgì. Tó bá dé géètì, á wọ̀ ọ́ kí wọ́n má bàa nà án. Tó bá dé ìjókòó rẹ̀, á tún bọ́ ọ lábẹ́ tábìlì. Ọ̀nà tí ó ń gbà kọjá níbi tí wọ́n ti ń tú ògbólógbòó tẹlifísàn àti fíríìjì palẹ̀, àwọn àlòkù tó ń ti Alábà wá. Wáyà, ìgò, ìṣó, gbogbo rẹ̀ ló wà nílẹ̀ níbẹ̀.

Ìṣó ló gún un. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó fi omi fọ ojú ibẹ̀, ó sì ń bá ìrìn rẹ̀ lọ.

Orí ìlà ní àárọ̀ ni Adétọ́lá ti rí i. Gbogbo ọmọ dúró, Peace ń fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo dúró. Ó lọ síbẹ̀ láti sọ fún un pé kó dúró dáadáa, ó wá rí i pé sálúbàtà kò gba ẹsẹ̀ náà mọ́. Nígbà tó tẹ̀ ba láti wò ó, ó gbọ́ òórùn egbò. Ó pọ̀n ọ́n, ó sá kọjá títì lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà níwájú, kò bìkítà pé ọmọ náà ti tóbi ju ẹni à ń pọ̀n lọ. Nọ́ọ̀sì la ojú egbò náà, ó fa ọyún, ó gún un lábẹ́rẹ́, ó sì ń bínú pé báwo ni gbogbo àgbàlagbà tó yí ọmọ ká ṣe jẹ́ kó pẹ́ tó báyìí. Ó ní díẹ̀ ló kù kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ gígé ẹsẹ̀. Adétọ́lá di ọwọ́ Peace mú, ọmọ náà sì jẹ́wọ́ pé ìṣó ló gún òun níbi tí wọ́n ti ń tú tẹlifísàn palẹ̀, nígbà tí òun bọ́ bàtà. Ó bi í pé kí ló dé tó fi ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn níbi tí irin pọ̀ sí. Omijé kún ojú ọmọ náà, ṣùgbọ́n ó dáhùn bí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dá a lójú.

“Ọlọ́run wà ní ọ̀nà yẹn náà, Àǹtí.”

Ìgbà yẹn ni gbogbo rẹ̀ padà wá sí ọkàn Adétọ́lá: aago tó lù, òjò tó ṣú, ọwọ́ kan tó wà lókè.

Kí ọ̀sẹ̀ tó pé, ọ̀rọ̀ ti kárí Àjángbádì dé Ìbà. Ohun tí wọ́n ń gbé kiri ni pé tíṣà kan ní ilé-ìwé Alhaja ló pàṣẹ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n máa rìn láìwọ bàtà nítorí Ọlọ́run. Àwọn kan ní ẹgbẹ́ òkùnkùn ni. Alhaja pe àwọn òbí sí ìpàdé. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé, ó pe Adétọ́lá wọ ọ́fíìsì, ó sì ti ilẹ̀kùn.

“Tọ́lá, gbọ́ mi. Ohun tí o máa sọ ò pọ̀. O máa ní o dá ọmọ yẹn lóhùn lọ́jọ́ yẹn, pé o ṣàlàyé fún gbogbo wọn, òun ni ò fetí sílẹ̀. Ọmọdé ni, ọmọdé kì í gbọ́ nǹkan tán. Tí o bá ti sọ bẹ́ẹ̀, màá mọ bí mo ṣe máa bá wọn parí ẹ̀, Fìló ẹ ò sì ní lọ ibì kankan.”

Adétọ́lá rò ó wò. Lóòótọ́ ló rò ó, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́ jù láti rò ó jìnnà. Ó ní, “Ó dáa, mà.”

Wọ́n kó àwọn òbí jọ sínú kíláàsì kẹrin, àwọn àgbàlagbà há sórí ìjókòó ọmọdé, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Bàbá Hikmat ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní láti ìgbà tí Fìló ti bẹ̀rẹ̀, òun kò gbádùn mọ́. Òun rán Hikmat pé kó lọ mú sálúbàtà òun wá, Hikmat ní kí ló dé tó fi jẹ́ òun, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin ló jókòó tì í. Ńṣe ni bàbá jágbe mọ́ ọn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọ tí kò tíì mọ imú fọn, kí ló fẹ́ fi irú ìyẹn ṣe? Kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ràn. Tí wọ́n bá dàgbà tán, kí wọ́n máa rò ó lọ bó ṣe wù wọ́n. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ló mi orí.

Aránṣọ kan tó ń jẹ́ Bàrákátù ní òun kò gbà. Ó ní ọmọ òun kì í sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ẹtì, ẹnu rẹ̀ kì í gbélẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kó wá bá àwọn fo kánààlì, ó bi wọ́n pé kí ni àwọn fẹ́ rí gbà níbẹ̀, wọn kò mọ̀ ọ́n, ó sì bọ̀ wálé. Ó ní bó bá jẹ́ ìgbọràn nìkan ni wọ́n kọ́ ọ, ì bá ti bá wọn fò. Bàbá Hikmat ní tí Peace ńkọ́? Bàrákátù jókòó. Adétọ́lá náà lè gbèjà Fìló. Ó ti ka ìwé lórí ọ̀rọ̀ náà nígbà kan, ó mọ ohun tí wọ́n ń sọ níhà ìhín àti níhà ọ̀hún. Ṣùgbọ́n iwájú ló ń wò, níbi tí Peace jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, tí wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wà nínú báńdéèjì lé orí àga ike kan.

Alhaja gbá ọwọ́ pọ̀, ó sì fi ohùn tó ń lò níwájú àwọn òbí pè é. “Àǹtí Tọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bó ṣe jẹ́ fún wọn.”

Adétọ́lá dìde. “Ọmọ náà béèrè ìbéèrè nígbà tí a fẹ́ jáde,” ó ní. “Mo ṣàlàyé fún wọn lọ́jọ́ náà. Bóyá Peace ni kò fetí sí i dáadáa.”

Ó rò pé ọmọ náà yóò jiyàn. Ó ti múra sílẹ̀ fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n Peace kò jiyàn. Ó di ojú rẹ̀ pọ̀, ó ń wá ọjọ́ náà nínú orí ara rẹ̀, ó wá a títí. Nígbà tí kò rí àlàyé kankan níbẹ̀, ó gbà pé orí òun ni kò dára. Ohùn rẹ̀ kò ju ohùn ẹyẹ lọ. “Ẹ má bínú, Àǹtí. Bóyá mi ò gbọ́ ni.”

Ìtìjú gun Adétọ́lá dé orí. Ìyẹn burú fún un ju ìṣó lọ. Ọmọ yìí ti fi ẹsẹ̀ lásán rin gbogbo ọ̀nà nítorí ó gba orí ara rẹ̀ gbọ́, òun tíṣà rẹ̀ ló sì ń gba ìgbàgbọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, níwájú gbogbo èèyàn, kí òun lè rí wákàtí kan lò lọ́jọ́ Ẹtì.

“Rárá, Peace,” ó ní. “O gbọ́ dáadáa. Èmi ni mi ò dáhùn.” Ó kọjú sí àwọn òbí. “Mi ò ṣàlàyé nǹkan kan fún un. Ó rẹ̀ mí lọ́jọ́ yẹn. Mo ní kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mo sì gbàgbé.”

Alhaja ń wo ilẹ̀. Ìyá Peace ló sọ̀rọ̀, obìnrin tí kò tíì la ẹnu láti ìgbà tó ti wọlé. Ó ní ọmọ náà bi òun náà. Òun ní kó lọ bi tíṣà rẹ̀. Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí ìró, kò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Síbẹ̀, kò sí bí wọn kò ṣe ní dá Fìló dúró. Alhaja kéde rẹ̀ kí wọ́n tó túká, àwọn òbí sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó ku àwọn méjèèjì, ó wo Adétọ́lá títí, kò bínú, ó kàn dà bí ẹni tí nǹkan sú. Ó ní òun ti la ọ̀nà fún un, Adétọ́lá ló kọ̀ tí kò gbà á. Adétọ́lá ní òun mọ̀, mà. Ayàwòrán padà wá, ó fi ọ̀dà funfun pa fìlọ́sọ́fì rẹ́ lára ògiri, ó kọ kọ̀ǹpútà síbẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà ní ilé-ìwé náà, ti Alhaja ni, kì í sì í tàn.

Bí Adétọ́lá bá ń rìn lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́, á máa bá ara rẹ̀ sọ ọ́. Tí ẹnì kan bá bi òun ní tòótọ́ bóyá ó yẹ kí wọ́n kọ́ ọmọdé ní fìlọ́sọ́fì, kí ni òun máa sọ? Àwọn ọmọ ti ń ṣe é kí òun tó dé ibẹ̀. Wọn kò nílò ẹni tó máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún wọn. Àgbàlagbà tí àárẹ̀ kò tíì mú ni wọ́n nílò, tí yóò jókòó tì wọ́n títí tí ìbéèrè náà yóò fi délẹ̀. Níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ láti Okokomaiko títí dé Ìyànà-Ìbà? Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, ṣùgbọ́n àtirẹ́rìn-ín gan-an ń gba agbára. Ó wá rò ó pé bóyá bàbá Hikmat ló jàre. Tí èèyàn kò bá ní àyè láti jókòó, kó má ṣí ilẹ̀kùn. Ó rò ó bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, inú rẹ̀ kò sì dùn sí i.

Peace padà sí ilé-ìwé nígbà tí egbò náà jinná. Bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kaváàsì funfun tí bàbá rẹ̀ rà fún un, wọ́n sì so okùn rẹ̀ le dáadáa. Ó ń tiro díẹ̀. Ó jókòó síbi tó máa ń jókòó sí, kò sì na ọwọ́ sókè fún ohunkóhun, àní nínú ìṣirò tó mọ̀. Ìyẹn ń dun Adétọ́lá lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ padà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ní wákàtí tó kẹ́yìn, wọ́n ya àwòrán kọ̀ǹpútà sínú ìwé, wọ́n kọ orúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀ sí i. Aago lù. Àwọn ọmọ tú jáde. Adétọ́lá ń kó ìwé jọ, ó ń ronú omi, ó ń ronú oúnjẹ alẹ́, ó ń ronú bí òun ṣe fẹ́ rin ọ̀nà náà délé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ti wú. Nígbà tó gbójú sókè, Peace dúró níwájú tábìlì rẹ̀, báàgì lẹ́yìn.

Ó ní, “Àǹtí, ẹ ní tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.”

Adétọ́lá wò ó. Ọmọ náà kò fi ọ̀rọ̀ náà bá a wí. Ó ṣì ń dúró ni, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ní kó dúró. Níta, ẹnì kan ti ń ti fèrèsé kíláàsì kejì. Àwọn ọmọ tirẹ̀ á ti máa wo ọ̀nà.

“Fìló ti parí, Peace,” ó ní.

“Mo mọ̀, mà. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dá mi lóhùn.”

Adétọ́lá gbé àpò ìwé náà sílẹ̀. Ó fa ọ̀kan nínú àwọn ìjókòó kékeré náà mọ́ra, ó jókòó sórí rẹ̀, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ méjèèjì, ó tì wọ́n sábẹ́ tábìlì, ó sì fi ọwọ́ lu ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Èmi náà ò mọ̀ ọ́n o,” ó ní. “Jókòó. Sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀.”